Ọbẹ̀ Kókò Tí Morẹ́nikẹ́ Kò Tọ́ Wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó jí wa lónìí, tí ó sì fún wa ní ojú tí a fi ń kàwé. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

"Ẹ̀yin Aládùúrà yìí, ṣé ebi lẹ fẹ́ fi lé Sátánì lọ ni?" Dorothy bi Morẹ́nikẹ́, ó sì na àkàrà gbígbóná sí i nímú.

Kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Tíṣà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá Dorothy. Ọ̀sán ni, wọ́n ń ti ilé ìwé bọ̀, wọ́n sì dúró nídìí àkàrà Ìyá Sàníù lẹ́bàá títì ní Ìyànà Ọ̀fà. Ìjọ Morẹ́nikẹ́ ti kéde ààwẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń ṣínu.

"Mo ń gbààwẹ̀," Morẹ́nikẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n itọ́ ti kún ẹnu rẹ̀.

"Mo mọ̀. Ta ni yóò sọ fún pásítọ̀ yín? Èmi àbí àkàrà?"

Ìyá Sàníù kò gbọ́ gbogbo èyí, agbada epo rẹ̀ ló gbájú mọ́. Ó kàn rí i pé ọmọ aládùúgbò òun na ọwọ́, ó fi ewé bu àkàrà fún un. Morẹ́nikẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀, ó sì fi omi ṣanu kí ó tó kọrí sílé.

Iṣẹ́ ń dúró dè é nílé. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn kúrò nínú àìsàn. Eyín kò sí lẹ́nu wọn mọ́, ẹ̀kọ mímu sì ti sú wọn pátápátá. Ara wọn ń gbẹ lójoojúmọ́ nítorí wọn kò jẹun. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè ti ṣàlàyé ọbẹ̀ kan tí àwọn òyìnbó ń fi gbòǹgbò funfun kan sè nílùú wọn, pásíníìpù lorúkọ rẹ̀. Ó ní níwọ̀n bí kò ti sí i níhìn-ín, kí wọ́n lo kókò: kí wọ́n sè é rọ̀, kí wọ́n gún un, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi mílíìkì inú agolo sí i. Morẹ́nikẹ́ ti ṣèlérí pé ọbẹ̀ yìí ni yóò mú Ìyá Àgbà jẹun.

Ó fi epo pa ọwọ́ kí kókò má bàa yún un, ó bó o, ó gé e, ó gbé e kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n òjò ti pa igi. Èéfín ló ń jáde, iná kò jó.

"Morẹ́nikẹ́," Ìyá Àgbà pè láti inú yàrá, "ṣé ọbẹ̀ òyìnbó ò tíì dé ni?"

"Ó ti wọ Ìbàdàn, Ìyá Àgbà. Ó kù díẹ̀."

Nígbà tí ó rí i pé ọjọ́ ń lọ, ó sọ kókò náà kalẹ̀. Ó gún un nínú odó kékeré. Àwọn kan le lábẹ́ ọmọ odó bí òkúta, ó fi agbára tẹ̀ wọ́n. Ó sẹ́ ẹ, ó da mílíìkì sí i, ó jẹ́ kó hó lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń bó ẹ̀gúsí. "Tọ́ ọ wò ná," ó wí. Ló bá rántí. "Àwa méjèèjì là ń gbààwẹ̀, mo gbàgbé. Olúwa yóò gbọ́ tìrẹ, ọmọ mi. Sáré pe Ìyá Sàníù kó bá wa tọ́ ọ wò. Ojú kọ́ là fi ń mọ kókò tó jinná."

Morẹ́nikẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí Ìyá Sàníù bá dé, ọ̀rọ̀ àkàrà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti jinná, màámi. Bí tíṣà ṣe ní ká ṣe é nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́. Ta ni yóò rò pé ẹni tí ó ń gbààwẹ̀ yóò purọ́?

Ìyá Àgbà gba ṣíbí àkọ́kọ́, wọ́n gbé e mì. "Èyí dùn o. Ṣé bí òyìnbó ṣe ń jayé nìyí?" Wọ́n lá a, wọ́n tún bù ú. Omijé ayọ̀ lé sójú ìyá Morẹ́nikẹ́. Kò pẹ́ tí arúgbó náà fi gbá ọ̀fun mú. Wọ́n húkọ́, wọ́n húkọ́, ètè wọn wú. Ìyá Morẹ́nikẹ́ sáré gbé epo pupa, ó ń fún wọn mu díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Sàníù gbọ́ ariwo ikọ́, ó wọlé. Ó fi ìka kan ọbẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó tu ú dànù.

"Kókò yìí kò jinná rárá. Morẹ́nikẹ́, ṣé àkàrà tí o jẹ lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ló yó ọ tí o kò fi lè tọ́ ọbẹ̀ wò?"

Àwàdà ni obìnrin náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá Morẹ́nikẹ́ gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀ títí.

"Lọ́sàn-án òní?" ó béèrè.

Morẹ́nikẹ́ dorí kodò.

"Ebi pa ọ́, o jẹun. Ọlọ́run aláàánú ni, èmi náà ìbá dárí jì ọ́. Kí ló wá dé tí o fi ọ̀fun ìyá arúgbó bo irọ́ mọ́lẹ̀?"

Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọ̀fun Ìyá Àgbà ti balẹ̀. Ẹ̀rù ni kò kúrò lára wọn. Wọn kò bínú, wọn kò sì yé pe Morẹ́nikẹ́ ní ọkọ mi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé oúnjẹ dé, wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn yóò ní, "Gbé e fún màmá rẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ọkọ mi."

Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó sunkún níwájú Ọlọ́run, ó sì gbà pé Ọlọ́run ti dárí jì í. Ó tún kókò sè títí ó fi yọ́. Ìyá Àgbà kò la ẹnu gbà á jẹ. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó bu ṣíbí kan, ó sì mu ún lójú wọn.

"Mo rí i pé o mu ún," Ìyá Àgbà wí jẹ́jẹ́. "Màmá rẹ ńkọ́?"

Kí ìkórè ọdún náà tó dé, Ìyá Àgbà sùn nínú Olúwa. Ọjọ́ ogbó ló pa wọ́n, kì í ṣe ọbẹ̀, gbogbo ilé ló sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Morẹ́nikẹ́. Ìyẹn kò pa ìbéèrè náà rẹ́ létí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí a jẹ́wọ́ kì í pẹ́ rọlẹ̀. Irọ́ tí a fi bò ó ló ń pa ẹlòmíràn lára. Ìdáríjì lè dé lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé kì í tètè padà, nígbà mìíràn ikú á sì ṣáájú rẹ̀ dé. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ tètè sọ ọ́.

Olúwa yóò fún yín ní ẹnu tí kò ní bẹ̀rù òtítọ́. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn yín yóò pẹ́ láyé jẹ oore ọwọ́ yín, wọn yóò sì jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù. Àmín.