Ọwọ́ Tó Ń Ka Ìlù

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ bá díjéè gbọ̀ngàn orin sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ló gbé lọ bá a.

"Etí òsì lẹ máa ń fi ẹ̀rọ etí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ àwo sí," ó ní. "Láti oṣù méjì, ọ̀tún ni."

Ọkùnrin tí gbogbo gbọ̀ngàn ń pè ní Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ náà ń kó àwo orin sínú àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dúró níwájú yìí, gbogbo ọ̀sán Sátidé."

Òótọ́ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ aránṣọ ń gbọ́ rápù nínú fóònù, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Lójú tirẹ̀, ìyẹn ò yàtọ̀ sí kéèyàn máa wo fọ́tò oúnjẹ. Ibi tí ilẹ̀ ti ń mì, tí akọrin gbàgbé ọ̀rọ̀ tí èrò bá a parí rẹ̀, ibẹ̀ lorin wà. Díjéè ló sì fẹ́ràn jù. Etí kan ni díjéè fi ń gbọ́ àwo tó ń bọ̀, ìkejì ló fi ń gbọ́ èyí tó ń lọ lọ́wọ́, títí méjèèjì yóò fi jọ máa rìn.

Bàbá aránṣọ fi ogún ọdún la pákó nídìí ẹ̀rọ, ariwo rẹ̀ sì pa á létí. Ọmọ rẹ̀ mọ bí ọkùnrin tí etí rẹ̀ ń kú ṣe ń yí orí.

"Òsì ti lọ," díjéè jẹ́wọ́. "Ọ̀tún ni mo fi ń gbọ́ àwo tó ń bọ̀, mi ò gbọ́ gbọ̀ngàn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí."

Àánú ṣe é, ìfẹ́ sì gba ibẹ̀ wọlé. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ń dúró níbi tí ojú díjéè ti lè tó o, ó ń fi ọwọ́ ka ìlù tó ń lọ lọ́wọ́. Díjéè ń wo ọwọ́ yẹn, ó ń fi àwo kejì bá a rìn. Èrò rò pé ijó ló ń jó.

Kò pẹ́ tí "ẹ̀yin" fi di "ìwọ", tí aránṣọ fi di "ààyò mi". Aránṣọ mú un lọ kí bàbá rẹ̀ nílé. Nígbà tí díjéè lọ tán, bàbá, tó ti rí bó ṣe ń yí orí, pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ìyá rẹ ló di etí mi," bàbá ní. "Ẹni tó bá kí mi, òun ló ń dáhùn. A pè é ní ìfẹ́. Èmi náà ń padà sídìí ẹ̀rọ lójoojúmọ́, títí etí kejì fi kú. Ká ní ó kọ̀ fún mi ni, ǹ bá mọ ohùn rẹ lónìí."

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ lọ bá díjéè.

Ó bẹ̀ ẹ́. "Olówó orí mi, fi iṣẹ́ àwo yìí sílẹ̀, kí ọ̀tún má bàa bá òsì lọ."

"Ta ni Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ láìsí àwo?"

"Mi ò ní gbé ọwọ́ mọ́."

Díjéè rẹ́rìn-ín. Ó pè é ní àwàdà.

Sátidé pé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Díjéè gbé àwo kejì, ó wojú aránṣọ. Aránṣọ di etí aṣọ ara rẹ̀ mú ṣinṣin, kò gbé ọwọ́. Ìlù méjì kọlu ara wọn. Èrò hó lé e lórí. Díjéè tún un ṣe, ó burú sí i. Ó bọ́ ẹ̀rọ etí, ó pa gbogbo rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láì wo ẹnikẹ́ni. Aránṣọ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, torí ó mọ̀ pé òun ló fọwọ́ ara òun ṣe é.

Oṣù méjì gbáko, kò gbúròó rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè kan, díjéè wọlé wọn wẹ́rẹ́, ó kí bàbá.

"Etí ńkọ́?" bàbá kígbe, bí adití ṣe máa ń ṣe.

Díjéè kọjú sí i kí bàbá lè rí ètè rẹ̀. "Ọ̀kan ṣì kù, bàbá. Dókítà ní kò ní lọ tí mo bá jìnnà sí sípíkà. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà báyìí, mò ń tún ẹ̀rọ orin ṣe."

"Ṣé o ò bínú sí ọmọ mi mọ́?"

"Ó ṣì ku díẹ̀, bàbá."

Ó gbé àga rẹ̀, ó yí i ká títí aránṣọ fi bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì tẹ orí sílẹ̀.

"Bá mi sọ̀rọ̀," ó ní. "Etí yìí, ìwọ ni mo fi í pamọ́ fún."

Aránṣọ sún mọ́ ọn. Ó pe orúkọ tí ìyá ọkùnrin náà sọ ọ́, kì í ṣe ti gbọ̀ngàn, ó sì pè é jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ó gbọ́.