Òmìrán Tí Àárẹ̀ Kì Í Mú

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ń pa ajùbọ́ọ̀lù mi lójoojúmọ́?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ọkùnrin náà nìyẹn, kó tó rántí pé ó yẹ kí èèyàn kí èèyàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ tí kò ní fèrèsé, ó gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ abíyá, gíláàsì ojú rẹ̀ ti yọ̀ wá sórí imú.

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ kò gbójú sókè. "Bí ajùbọ́ọ̀lù yín bá lẹ́sẹ̀, kó sá."

"Ibo ló fẹ́ sá gbà? Gbogbo ọ̀nà lẹ ti dí pa!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà láìròtẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́.

Géèmù ni ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe, géèmù bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn gìrìpá ọkùnrin máa ń dé akoto gbá, tí wọ́n á máa kan ara wọn bí àgbò. Obìnrin yìí ló ń fún àwọn òmìrán mẹ́rin tó ń ṣíwájú ẹgbẹ́ agbèjà ní máàkì: bí agbára wọn ṣe tó, àti bí wọ́n ṣe lè yára ya àwọn tó ń dáàbò bo ajùbọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì gbé e ṣánlẹ̀ kó tó ráyè ju bọ́ọ̀lù. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé Ògiri ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ̀gbẹ́ ajùbọ́ọ̀lù ni wọ́n fi í sí. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Olójúmẹ́rin.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ kò kéré. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kó òmìrán mẹ́rin tó gbóná jù jọ ti borí nìyẹn, eré ò dùn mọ́. Bí Ògiri bá sì dín agbára wọn kù, ajùbọ́ọ̀lù á dúró bí ẹni tó ń wo ọjà, á máa ju bọ́ọ̀lù bó ṣe wù ú. Ọ̀gá ń bínú, ó ní kí àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn títí wọ́n á fi rí i ṣe.

Wọ́n jókòó ti ara wọn lóòótọ́. Àríyànjiyàn di àwàdà, àwàdà di oúnjẹ tí wọ́n jọ ń jẹ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, Olójúmẹ́rin fi ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Ògiri, ìfẹ́ rẹ ti wọ̀ mí lára. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn létí."

"O ti sọ ọ́," ni Ògiri wí. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á nínú ìdùnnú náà.

Nítorí pé ilé ń dúró dè é. Ẹ̀gbà ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń lo oògùn fún un. Bí ìyá bá fẹ́ nǹkan, á fi ṣíbí lu irin bẹ́ẹ̀dì, gbau gbau gbau, ìró náà sì máa ń bá Ògiri lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi, á jókòó, á ní, "O ṣeun o, àbúrò mi. Ọlọ́run á san án fún ọ," á sì káṣọ rẹ̀ lọ. Àbúrò wọn obìnrin kì í tilẹ̀ jókòó.

Lọ́jọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, oorun gbé Ògiri lọ lórí tábìlì. Nígbà tó jí, ẹ̀wù Olójúmẹ́rin ló bò ó lára, eré tó fi sílẹ̀ sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. Eré ti fẹ́ parí, àwọn òmìrán rẹ̀ ṣì ń ya lu èèyàn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí pápá.

"Kò rẹ̀ wọ́n," ló wí. "Wò ó! A ò fi àárẹ̀ sí wọn lára."

Ni wọ́n bá fi àárẹ̀ sí i. Bí òmìrán bá ṣe lágbára tó ni yóò ṣe máa tètè rẹ̀ ẹ́, àfi kí ẹlòmíràn gbà á kó lọ sinmi. Ẹni tó bá wá kó gbogbo agbára rẹ̀ lé ẹni mẹ́rin lórí kò ní rí ẹni tó máa gbà wọ́n. Ọjọ́ yẹn ni géèmù náà tó dùn.

Inú gbogbo wọn ń dùn ni Olójúmẹ́rin bá rọra béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, ààyò mi? Ta ló ń gbà ọ́ nílé?"

Ojú Ògiri yí padà. "Má fi ìyá mi wé géèmù."

Síbẹ̀ náà, ó mú un lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín ọlọ́jọ́ Ìsinmi rẹ̀, ó ní àwọn máa rò ó. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá fẹ́ Ògiri, wọ́n ní ó kúrú. Ẹnì kejì, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ti Olójúmẹ́rin, wọ́n ní ojú tó ti ń wọ gíláàsì báyìí, kí ló máa kù níbẹ̀ lọ́la?

Ògiri ń gbé omi bọ̀ láti ilé ìdáná nígbà tó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń sọ fún àbúrò wọn pé, "Tó bá lọ sílé ọkọ, ta ló máa tọ́jú Màmá? Ṣé ìwọ ni?"

Ó dúró pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Kì í ṣe kíkúrú, kì í ṣe ẹnu, kì í ṣe gíláàsì. Kò sí ọkùnrin tó máa dára tó láéláé.

Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó wọlé. "Ìwọ nìkan ni mo bí tó láàánú. Tó o bá lọ, mo kú nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Olójúmẹ́rin lọ wá ìyàwó míì.

"Mi ò ní kó o já ìyá rẹ sílẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Mo ní kí àwọn tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ náà wá gbé e." Kò wá sórí àtẹ̀gùn mọ́. Ògiri ń lọ síṣẹ́, ó ń padà sílé, yàrá kan ò ní fèrèsé, èkejì ní, ṣùgbọ́n kò sí àyè láti yọjú níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ń gbé ìyá jáde nílé ìwẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣubú sórí ilẹ̀ tútù. Ìyá ò fara pa, ṣùgbọ́n Ògiri ò lè dìde. Kì í ṣe pé egungun rẹ̀ ṣẹ́ o, agbára ló tán. Ó sùn sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, omijé ń ṣàn wọ etí rẹ̀. Ìyá ń wò ó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó sì ní kí àbúrò wọn náà jókòó.

"Láti òní lọ, ọ̀sẹ̀ kan ni tèmi, ọ̀sẹ̀ kan ni tiyín, ọ̀sẹ̀ kan ni tàbúrò wa. Mo sì máa lọ́kọ."

"Ìyàwó mi ò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí."

"Bọ̀dá mi, ìyàwó yín kọ́ ni Màmá bí. Ẹ̀yin ló bí."

Àbúrò wọn ló kọ́kọ́ sunkún, òun náà ló kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀gbọ́n bínú jáde. Ìyá kọjú sí ògiri yàrá, ó ní, "O ti tà mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ògiri lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó wá Olójúmẹ́rin lọ. "Mi ò bọ́ tán o," ló sọ fún un. "Ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́ta, ibẹ̀ ni màá máa wà. Ṣé o ṣì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé èmi náà lè máa tẹ̀ lé ọ lọ?"

Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Àbúrò nìkan ló wá, òun ló fọwọ́ síwèé fún ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n kò wá, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ tí ọkọ ní kò lè ṣe é ló jókòó ti ìyá lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ Ògiri kàn, tọkọtaya náà jọ lọ. Ìyá kò dá wọn lóhùn. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ó ń jẹun, ó ń gba oògùn, kò lanu sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ògiri bẹ̀rẹ̀ láti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fà á títí, kò yí. Olójúmẹ́rin dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé.

"Ìwọ onígíláàsì," ni ìyá pè é lójijì, "kí lò ń wò níbẹ̀? Wá yí mi. Ṣé o ò rí i pé ó ti rẹ ọmọ mi ni?"

Ògiri fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó fa àga kan mọ́ra, ó sì jókòó.