Àǹtí Mo-Ti-Ṣe-É-Rí

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé yìí lé lọ́wọ́, má tíì sọ ọ́ nù. Kò gùn.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wà ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí oògùn olóró ti sọ di ẹrú. Oògùn oorun ló gbé òun náà débẹ̀. Nígbà tó lo oṣù mẹ́fà láìfẹnu kàn án, olórí ilé náà fi káàdì kọ́ ọ lọ́rùn: OLÙDÁMỌ̀RÀN. Kò kọ́ iṣẹ́ náà rárá, kódà fún ọjọ́ kan.

"Ìwọ náà ṣáà ti ṣe é rí," ni olórí wí. "Ẹ̀kọ́ wo ló tún kù?"

Ó gbé ìgbéraga wọ̀ bí ẹ̀wù. Bí ọmọ kan bá ti lanu, á ní, "Mo ti ṣe é rí. Ta lo fẹ́ tàn?" Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Àǹtí Mo-Ti-Ṣe-É-Rí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ọmọ mi," ló sọ fún Àǹtí, "pákó ni mo mọ̀, mi ò mọ oògùn. Ọwọ́ rẹ ni mo fà á lé o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mo jẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì. Ojú mi ń ṣú."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òun náà wà lórí ibùsùn yẹn, ó máa ń díbọ́n pé ara òun ń gbọ̀n, kí nọ́ọ̀sì lè fún un ní oògùn díẹ̀ sí i.

"Èmi gbọ̀n jù báyìí lọ. Eré lò ń ṣe! Dìde, kí o gbálẹ̀."

Ọmọ náà dìde. Ó gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣubú, gìrì sì gbé e. Kí nọ́ọ̀sì tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́; ọmọ náà ti kú.

Àǹtí sáré kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀: "Kò ráhùn ohunkóhun."

Nígbà tí àwọn olùwádìí dé, olórí ilé bọ́ káàdì lọ́rùn rẹ̀. "Aláìsàn ni," ló wí. "Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa." Ẹni tó fi í joyè náà ló sẹ́ ẹ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà wá kó aṣọ ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ka ìwé náà fún mi," ló wí. "Wọ́n ní kò ráhùn. Ọmọ yẹn, bí èérún igi bá gún un lọ́wọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi ló máa gbọ́. Kí ló wí?"

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí ká àwọn aṣọ tó wà nílẹ̀.

"Mo fọkàn tán ọ, o dà mí. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá Jésù jẹun pọ̀ ló dà Á, síbẹ̀ Ó kú fún ọ̀dàlẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti Jésù ni, mi ò lè dúró níwájú rẹ lónìí. Lọ bá A. Ṣùgbọ́n má gbé irọ́ yẹn dání lọ."

Àǹtí kúnlẹ̀ sáàárín aṣọ tó wà nílẹ̀.

"Ó ní kí n pe nọ́ọ̀sì, Bàbá. Ó bẹ̀ mí. Mo ní kó gbálẹ̀. Jésù, èmi ni mo ṣe é. Ṣàánú mi."

Bàbá kò gbá a mọ́ra. Ó di aṣọ náà tán, ó ní, "O ṣeun tí o sọ ọ́."

Lọ́jọ́ náà gan-an, Àǹtí lọ sọ ọ́ bákan náà fún àwọn olùwádìí, ó sì fọwọ́ sí i.

Ìwọ ńkọ́? Ta ló fọkàn tán ọ tí o dà? Kí lo kọ sílẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀? Ìwé kan wà lọ́run tí wọ́n kọ ohun tí o ṣe sí, tí ọwọ́ rẹ kò sì tó. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

Má sọ pé o ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọmọ kan bẹ̀bẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní eré ni. Jésù ń bẹ̀ ọ́ báyìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sọ ohun tí o ṣe fún Un, bó ṣe rí gan-an.