Iná Inú Ẹyinjú

Kí Aláyẹ̀wò tó mọ ọmọbìnrin náà rárá, ohun tó ń jẹ ẹ́ lójú ló kọ́kọ́ rí.

Èérún funfun bíńtín ni wọ́n gbé wá bá a ní yàrá àyẹ̀wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ohun tí dókítà rọra ha kúrò lójú aláìsàn. Ó tẹ́ ẹ sórí dígí, ó kán aró sí i, ó sì tẹjú mọ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹnu rẹ̀ là. Fọ́nrán ló ń wò, fọ́nrán tó pẹ̀ka, tí ẹ̀ka tún pẹ̀ka, bí ìgbà tí gbòǹgbò ń wá omi kiri. Ìbátan olú ni, irú ohun funfun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ọdún mẹ́fà ló ti lò nídìí awò náà, kò rí ohun tó rẹwà báyìí rí, kò sì rí èyí tó bà á lẹ́rù tó o.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú èsì jáde. Ọmọbìnrin gíga kan ló bá lórí bẹ́ǹṣì, tó farati ògiri, tí iyẹ̀pẹ̀ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo ojú òsì. Ojú náà wú, ó pọ́n kuku, àpá funfun kan sì jókòó sí àárín rẹ̀. Ojú ọ̀tún ló fi wo Aláyẹ̀wò látòkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wo ojú mi? Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Igbó ni," ó dáhùn, kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ síta.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín tòun ti ìrora. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́gbà ni mí."

Ẹ̀ka igi tó ń gé ló nà án lójú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀, tó ni ilé ìtajà oògùn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Kẹ́míìsì, ló fún un ní oògùn tó ń pa ojú pípọ́n. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ náà dàgbà, "Ẹyinjú mi" ló sì ń pè é. Ọjọ́ méjì péré, ojú mọ́, wọ́n dúpẹ́. Lọ́jọ́ kẹjọ, àìsàn padà dé tìbínú-tìbínú.

Dókítà, obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún bàbá àti ọmọ. Wọ́n ní ojú tó ń wú, tó ń pọ́n, ara ló ń bá olè jà. Oògùn yẹn ló kun àwọn ọdẹ lóorun, olè wá jẹun yó. Ṣùgbọ́n bí ìjà náà bá tún pẹ́ jù, àwọn ọdẹ gan-an ni yóò wó ilé. Kí wọ́n kọ́kọ́ pa olè; lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa pa iná díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Kẹ́míìsì bi wọ́n léèrè ta ló sọ pé oògùn òun ló fà á. Aláyẹ̀wò, tí kò mọ irọ́ pa, ní ohun tí òun rí nìyẹn, sà. Láti ọjọ́ náà, bàbá kò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́.

Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kán oògùn tó ń pa olè náà sí Ọlọ́gbà lójú ní ilé ìwòsàn. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, Aláyẹ̀wò máa ń wá jókòó tì í, yóò sọ bí igbó náà ti ń rọ, bí fọ́nrán ti ń já. Ọlọ́gbà náà yóò sọ fún un bí a ti ń lọ́ ẹ̀ka igi ọsàn kan mọ́ ara òmíràn kí wọ́n lè dàgbà pọ̀. Ó sọ Aláyẹ̀wò ní Afojúkan-wòye, torí bí ìyẹn ṣe ń di ojú kan bó bá ń ronú. Nígbà tí bàbá ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tó dójú ti òun. Aláyẹ̀wò dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, àmọ́ òun náà kò yí ohun tó sọ nípa oògùn náà padà. Kò sì dẹ́kun wíwá.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, kò rí fọ́nrán kan mọ́. Síbẹ̀ iná ìjà kò kú. Ojú ṣì wú, àpá sì ń nípọn. Dókítà wá gbé ìgò kan jáde. Bàbá wo àkọlé rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Irú oògùn tirẹ̀ ni.

Dókítà ní oògùn tó ń pa olè kò ní dúró, àti pé ẹ̀kán kékeré ni, ojoojúmọ́ sì ni àwọn yóò máa yẹ ojú náà wò. Bàbá ní kò ní kan ojú ọmọ òun mọ́ láyé.

"Bàbá mi," ni Ọlọ́gbà wí, "ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kó ti wá."

Àgbàlagbà náà gba ìgò náà, ó ṣí i, kò sì lè kán an. Aláyẹ̀wò di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wò ó, sà. Èyí tó yè kò sí níbẹ̀."

Bàbá kán ọ̀kan.

Láràárọ̀, pípọ́n náà ń fà sẹ́yìn bí odò tó ń kúrò ní bèbè. Bàbá, Dókítà àti Aláyẹ̀wò ń wò ó. Lọ́jọ́ kọkànlá, Ọlọ́gbà fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó fi òsì ka ìka bàbá rẹ̀: mẹ́ta. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní oògùn kan náà, oògùn kan náà. Ìgbà nìkan ló yàtọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́gbà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Aláyẹ̀wò bá a láàárín àwọn igi ọsàn kéékèèké, ó ń fi ọ̀bẹ gé ẹ̀ka.

"Kurukuru ṣì wà lójú òsì mi o," Ọlọ́gbà wí. "Dókítà ní kò ní tán. Ṣé o lè fẹ́ olójú kan àbọ̀?"

"Ohun tí mo wá bi ọ́ nìyẹn, o gbà á lẹ́nu mi."

"Lọ bi bàbá mi ná."

"Mo ń bọ̀ látọ̀dọ̀ wọn."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n yéé pe àwọn ní sà, pé bàbá ni kí n máa pe àwọn."

Omi bọ́ lójú Ọlọ́gbà, lọ́tùn-ún àti lósì, èyí tó bọ́ lósì kò sì ta á rárá.