Òǹtẹ̀ Ilé Lára Ọṣẹ

Ọṣẹ tó ní òǹtẹ̀ Monica lára ló pa ọmọ tuntun kan ní Imoru.

Ìyá ọmọ náà, Agatha, rà á lọ́wọ́ alákiri kan tí kò mọ̀ rí, ó sì fi wẹ ọmọ rẹ̀. Ara ọmọ kọ́kọ́ pọ́n. Lẹ́yìn náà ó bó. Ibà mú un, kò sì là á já. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, bàbá rẹ̀ di ìyókù ọṣẹ náà sínú ewé, ó gbé e lọ bá ọlọ́pàá ní Ọ̀wọ̀.

Monica ń ro àdín lórí iná nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wọ àgbàlá rẹ̀. Láníyì ni wọ́n ń pè é, ará Abẹ́òkúta. Kò wọ aṣọ ọlọ́pàá. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba Monica lẹ́rù, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọlọ́pàá tó bá ń pariwo.

"Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ṣé ọṣẹ yín nìyí?"

Ó tú ewé náà. Àwòrán ilé wà lára ọṣẹ, ilé olójúlé kan, wọ́n sì kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀.

"Òǹtẹ̀ mi ni, sà. Gbogbo èèyàn ló mọ Ọṣẹ Onílé."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Èmi ò mọ̀wé. Theresa!"

Theresa jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó ń fi ìró nu ọwọ́. Ọmọ Lábísí, ẹ̀gbọ́n Monica tó wà ní Ijagba, ni. Ọ̀dọ̀ Monica ló ti ń kọ́ṣẹ́. Ó tẹ orí ba, ó wo ọṣẹ náà.

"'Ilé' ni wọ́n kọ, sà."

"O ṣeun," ni Láníyì wí. "Ọmọ tí wọ́n fi wẹ̀ ti kú."

Orógùn bọ́ lọ́wọ́ Monica. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Theresa tún fi ìró nu ọwọ́.

Láníyì fọ́ ọṣẹ náà sí méjì. Inú rẹ̀ funfun, ó sì le. Monica gbé e símú, ó gbé e símú lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kò rùn bí eérú kòkó, sà. Èèpo kòkó ni mo máa ń jó, omi eérú rẹ̀ ni mo fi ń se ọṣẹ. Sódà inú agolo ni wọ́n fi se èyí, kò sì tíì jinná. Èmi kọ́ ni mo sè é!"

"Ẹni tó bá ń sá fún ẹ̀wọ̀n á sọ bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn, ṣé ẹ ti fi sórúkọ yín lọ́dọ̀ ìjọba ní Èkó?"

"Fún kí ni? Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé tèmi ni."

"Ọjà kì í ṣe kóòtù, màmá. Ká ní ó wà lórúkọ yín ni, ẹ̀ bá ti gbé ẹni tó bá jí i lò lọ síwájú adájọ́ kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ní báyìí, ojú yín nìkan ni adájọ́ máa wò."

Monica tú etí ìró rẹ̀. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ máa ń wà tọ̀sán-tòru, torí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ ọṣẹ òun. Láníyì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ rírọ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ta ló gbẹ́ èyí?"

"Àbúdùlàhí, gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà nítòsí mọ́ṣáláṣí. Mo fi igi ya ilé sílẹ̀ fún un, mo ní kó kọ 'ulé' sábẹ́ rẹ̀."

"Ulé?"

"Ulé ni a ń pè é ní Ọ̀wọ̀ níbí, sà."

Láníyì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ta ni inú ń bí sí yín?"

Monica kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó sọ. Boniface, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí omi eérú gbígbóná dà sí lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ti ní kó máa lọ sílé.

"Ẹ tọ́jú rẹ̀?"

"Mo gbé iṣu fún un."

"Iṣu! Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ bàjẹ́ nídìí iṣẹ́ yín, ẹ gbé iṣu fún un. Òfin ní kí ẹ san owó ìtọ́jú rẹ̀, màmá, ẹ fẹ́ o, ẹ kọ̀ o." Ó di ọṣẹ méjèèjì sínú ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Ọ̀la ni mo máa mú ẹnì kan. Tí n kò bá rí ẹlòmíràn, ẹ̀yin ni."

Lọ́jọ́ yẹn Monica kò padà sídìí iná. Ó ti gbọ́ pé wọ́n máa ń yẹgi fún ẹni tó bá pààyàn. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún lójú ọ̀nà, ó ń dìde dúró.

Láníyì bá Boniface níwájú ilé rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká kò, àwọn ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra.

"Wọ́n ní o búra lọ́jà pé iṣẹ́ Monica máa dàrú."

"Mo búra, màá sì tún búra. Ṣùgbọ́n èpè kì í gbẹ́ òǹtẹ̀, ọ̀gá. Ọwọ́ wo ni n bá fi di ọ̀bẹ mú? Ẹ bá mi tẹ́ ìka yìí wò."

Láníyì gbìyànjú. Ìka náà kò tẹ́.

Ó dé ọ̀dọ̀ Ṣẹ̀fíátù, tó ń ta ọṣẹ tirẹ̀ lójúkojú pẹ̀lú Monica láàárín ìlú.

"Èmi?" Ṣẹ̀fíátù pàtẹ́wọ́. "Tí mo bá fẹ́ ba ọjà Monica jẹ́, ṣé ẹnu mi kò tó ni? Kí ni mo ń wá lọ sí Imoru? Ẹ wá wo agbada mi, baba. Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì ra ọṣẹ lọ."

Àbúdùlàhí ní tirẹ̀ fi Kùránì búra. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo lòun gbẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Láníyì kó gbogbo wọn jọ sí àgbàlá tésàn, Theresa pẹ̀lú. Ó dá yanrìn sílẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Ó fún olúkúlùkù ní igi kékeré.

"Ẹ ya òǹtẹ̀ Monica fún mi. Àwòrán àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀."

"Ṣé a ti padà sí ilé ìwé ni?" Ṣẹ̀fíátù ń kùn, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀. Ó ya ilé, ó ya nǹkan kan tó dà bí ìkòkò tí kò ní ìdérí, ó ya ìyókù wọ́gọwọ̀gọ. Boniface lo ọwọ́ òsì. Tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Àbúdùlàhí ya tirẹ̀ láti ọ̀tún wá sí òsì, torí bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ òǹtẹ̀ nìyẹn. Ìkòkò wà níbẹ̀.

Láníyì dúró lórí ti Theresa. Igi gbọọrọ kan ló bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. I, L, E.

"Kà á fún mi."

"Ilé, sà."

"Wá wo ojúlówó." Ó gbé ọṣẹ tí òǹtẹ̀ Monica wà lára rẹ̀ síwájú rẹ̀. "U ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àbúdùlàhí kọ ọ́ bí Monica ṣe pè é. Ẹni tí kò mọ̀wé á wo U, á sì ya U, torí àwòrán lásán ni lójú rẹ̀. Ìwọ ka Kátíkísìmù ní ilé ìwé. O rí àwòrán ilé, orí rẹ sì ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sí 'ilé' bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé. O ń wò ó lójoojúmọ́, o kò rí U náà rí. Ọṣẹ tó pa ọmọ Agatha, I ló wà lára rẹ̀."

"Irọ́ ni!" Monica ló kígbe. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Theresa, sọ fún un pé irọ́ ni."

Theresa fi ọwọ́ pa I náà rẹ́ nínú yanrìn.

"Gbogbo ìgbà tó bá lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ijagba, kí ló máa ń gbé dání?" Láníyì bi Monica.

"Àdín díẹ̀... ó ní ìyá òun fẹ́ fi se ọbẹ̀." Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ta ló ń fi àdín se ọbẹ̀?

"Òun nìkan ló mọ̀wé lọ́dọ̀ yín, torí náà àwọn ọlọ́pàá mi ti lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Agolo sódà wà nínú abà, òǹtẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó ní ọmọ òun ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rán an."

Theresa kúnlẹ̀. Monica ló kúnlẹ̀ fún, kì í ṣe ọlọ́pàá.

"Àkókò tí ẹ bá ìyá mi dá ti kọjá tipẹ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ gbàdúrà fún mi, kí ẹ fún mi ní òmìnira. Ẹ ní ó di ẹ̀yìn ìkórè kòkó. Ìkórè parí, ẹ ní ó di Kérésì. Ta ló máa ra ọṣẹ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò tíì tú sílẹ̀? Orúkọ yín nìkan ni wọ́n ń rà. Mo wá gbẹ́ òǹtẹ̀ tèmi, mo mú orúkọ náà lò."

"Sódà ńkọ́?" ni Láníyì bi í.

"Eérú kòkó ń pẹ́ kó tó ṣe é lò, ìgbà díẹ̀ ni mo sì ń rí lọ síbẹ̀. N kò mọ̀ pé ó máa jó ọmọ. Ìyá, n kò mọ̀!"

"Ẹ dá àkókò," ni Láníyì sọ fún Monica. "Ẹ kọ ọ́ síbì kan?"

"Ẹnu la fi sọ ọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó mọ ìdí tí òun kò fi tú u sílẹ̀. Ọwọ́ Theresa dára. Ẹ̀rù ló bà á pé àwọn oníbàárà máa tẹ̀ lé e lọ.

Wọn kò mú Monica. Theresa lọ sẹ́wọ̀n. Kóòtù ní kí Monica san owó ọwọ́ Boniface, ó sì ta agbada rẹ̀ fún Ṣẹ̀fíátù kó tó rí i san. Kò dùn ún tó bó ṣe rò, torí kò sí abiyamọ kankan tó tún jẹ́ kí Ọṣẹ Onílé wọ ilé òun.

Lábísí wá láti Ijagba lọ́jọ́ ìdájọ́. Monica kúnlẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán." Lábísí ká etí ìró rẹ̀ kó má baà kàn án, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá kan náà ló bí wọn. Lábísí kò tún dá a lóhùn mọ́ títí tó fi kú.