Aṣọ Ẹni Tí Òkun Gbé

Bàbá alágboòrùn, tó ń yá àwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun ní agboòrùn, ló kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Gba-Tìẹ pé iyanrìn ti padà. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń túfọ̀.

“Iyanrìn wo?”

“Èyí tí òkun kó lọ. Ó dá gbogbo ẹ̀ padà lóru. Ẹsẹ̀ ẹyẹ kan ò sí lórí ẹ̀.”

“O ti mutí láàárọ̀ yìí nìyẹn.”

“Ta ló tún rówó ọtí ní etí òkun yìí?”

Òótọ́ ló sọ. Ọjà tó tà láàárọ̀, kò pọn dandan kó tà lálẹ́. Nígbà tí etí òkun ń gbóná, àwọn tó ń wá gbafẹ́ pọ̀ bí eṣú, ìyá yìí ló sì ń bá wọn tọ́jú aṣọ nínú àgọ́ onípáànù. Kò mọ̀wé, ojú ló fi ń mọ ẹni tó ni ṣòkòtò. Ẹni tó bọ́ aṣọ nìkan ló ń dá a padà fún. “Gba tìẹ,” ni á wí.

Ọkọ ẹ̀ ní tiẹ̀ ń yọ àwọn tí omi bá fẹ́ gbé. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan ń rì, ọkọ bẹ́ sómi tọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì ò jáde mọ́. Ìyàwó ọkùnrin náà wá sunkún pé kí ìyá fún òun ní aṣọ tí ọkọ òun bọ́ sí àgọ́, kóun lè rí nǹkan sin. Ìyá ní kí ẹni tó bọ́ ọ wá gbà á. Wọ́n ní kí òun náà ṣọ̀fọ̀ ọkọ ẹ̀. Ó ní, “Ẹ fi òkú hàn mí ná.”

Látìgbà náà ni òkun ti ń jẹ iyanrìn. Ó jẹ ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì, èrò sì tú ká. Ìyá nìkan ò kúrò. Ó ń dúró de ọkọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí iyanrìn padà, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu àgọ́. Omi ń kán lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ò tutù. Apá ọ̀tún ẹ̀ nà sẹ́yìn gbọọrọ, sí ọ̀nà òkun, bí ẹni tí wọ́n dì lọ́wọ́ mú.

“Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú. Mo wá gba tèmi.”

Ìyá mọ ojú náà, ẹni tó rì lọ́jọ́sí ni. “Ọkọ mi dà?”

“Òun ló dì mí mú yìí. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ó ní àfi tí aṣọ mi bá kan ara mi, ìgbà yẹn lòun máa mọ̀ pé òun ti gbé mi gúnlẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ìyá.”

“Tí mo bá fún ẹ, ṣé á wálé?”

Ọkùnrin náà wolẹ̀. “Á sinmi.”

Ìyá fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ náà. Ó tutù rinrin. Ojú ìka márùn-ún tẹ̀ sí i, ìka kékeré sì wọ́. Kò sí ẹni tó ní irú ìka bẹ́ẹ̀ láyé àfi ọkọ ẹ̀.

Ó já aṣọ náà lórí ìṣó. Ó wọ ṣòkòtò fún un bíi pé ọmọdé ni, ó fi ẹ̀wù bò ó léjìká, ó de bọ́tìnnì ọrùn.

“Olówó orí mi,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí ibi tí kò sẹ́nì kankan, “ó ti gúnlẹ̀. Fi í sílẹ̀.”

Apá ọ̀tún náà já wálẹ̀.

Ọkùnrin náà wò ó, ó ṣí ìka, ó pa á dé. Ọwọ́ yẹn gan-an ló tì bọ àpò, ló fi san owó ìtọ́jú aṣọ tó ti jẹ ẹ́ láti ọdún wọ̀nyí wá, owó tí wọn ò ná mọ́. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó jókòó sílẹ̀, ó wá di opó.