Ẹni Tó Wá Pọnmi

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Enoch Tansley já sínú omi tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ìwé ló ń kà bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Harlestoke, kò gbójú sókè, bẹ́ẹ̀ a sì ti kó àwọn pákó tó bo adágún ìrìbọmi kúrò nítorí ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ó gbẹ́sẹ̀, ilẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó máa yọrí, omi ń dà ní imú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, ó gbé ìwé náà dání bí ìyá tó ń gbé ọmọ la odò kọjá. Omi ò kan ojú ewé kan níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan dúró létí adágún pẹ̀lú ìgbálẹ̀ onígi gígùn lọ́wọ́. Ó fẹ́ kígbe, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Keturah ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Pásítọ̀ wa, Obadiah Bramley, bí.

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, ó na igi ìgbálẹ̀ sí i. "Ẹ di èyí mú. Ṣé ẹ ò rí omi ni?"

"Ìwàásù Pásítọ̀ ni mò ń kà." Eyín Enoch ń gbá pẹ́pẹ́. "Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ni mo ti ń bọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó dùn ni."

"Bàbá mi á yọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbọ́ ìwàásù wọn, kò tíì sẹ́ni tó torí ẹ̀ já sí kòtò."

Enoch wo ọmọbìnrin náà, irun rẹ̀ tó tú sí iwájú orí, apá aṣọ rẹ̀ tó ká dé ìgúnpá. Oṣù kẹta ni, òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń múni dé egungun. Síbẹ̀, ọmọkùnrin yìí ò kánjú àtijáde. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣe é.

Pásítọ̀ Bramley kì í kọ ìwàásù sílẹ̀. Ọwọ́ òfo ló fi ń gun àga ìwàásù, ọ̀rọ̀ á sì máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ṣí ẹnu ìsédò. Keturah ló ń jókòó nísàlẹ̀, táá máa fi ìkọ̀wé oníyára kọ ọ́ bó ṣe ń bọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ilé ìtẹ̀wé tí Enoch ti ń ṣiṣẹ́ á tẹ ọ̀kan jáde, pẹ́nì kan ni wọ́n ń tà á. Àwọn aránbàtà ìlú wa á máa kà á sí ara wọn létí bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó. Enoch ló ń to lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ ìwàásù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà ló sì ń gbé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ wá sílé Pásítọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan á máa kà á sókè, ti kọ́mà ti kọ́mà, ẹnì kejì á sì máa fojú tọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn o, ní yàrá ìgbàlejò Pásítọ̀, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"'Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n,' kọ́mà," Enoch ń kà á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "'mi ò rí oorun sùn nítorí yín,' kọ́mà —"

"Ẹ dúró ná. Kò sí ìyẹn nínú tèmi."

"Kò sí i ni?" Enoch tẹjú mọ́ ìwé náà bí ẹni pé ẹlòmíì ló tò ó. "Ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀rọ ló fi kún un."

"Ẹ̀rọ yín mà mọ̀rọ̀ọ́ sọ o." Ojú Keturah ti pọ́n, ó sì kọ̀ kò gbórí sókè. "Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan ni kò rí oorun sùn."

Enoch ka ìyókù lọ, kò tún rántí pe kọ́mà kankan.

Òfin ìjọ wa ni pé ẹni tí a rì bọmi kì í fẹ́ ẹni tí a kò rì bọmi. Ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tọ́ Enoch dàgbà. Ẹ̀kán omi díẹ̀ ni wọ́n wọ́n sí i níwájú orí nígbà tó wà ní ìkókó, àwa Onítẹ̀bọmi ò sì ka ìyẹn sí. Omi tó já sí ní kòtò wa ńkọ́? Ìwẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè máa fọwọ́ to ìwàásù fún odindi ọdún kan kí ó má wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀rọ̀ náà mú Enoch lọ́kàn ní tòótọ́. Ó wọ aṣọ rere, ó lọ bá Pásítọ̀ pé òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi.

Pásítọ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Jésù lo fẹ́ ni, àbí Keturah?"

Enoch ò mọ irọ́ pa. "Àwọn méjèèjì ni, sà."

"Adágún mi kì í ṣe ọ̀nà ilé àna," Pásítọ̀ dáhùn. Ó sì pàṣẹ pé kó má gbé ìwé wá sílé òun mọ́.

Ẹ wo ọ̀ràn! Kò lè fẹ́ Keturah láìwọ omi, kò sì lè wọ omi torí pé ó fẹ́ Keturah.

Ẹ̀yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn méjèèjì ti pàdé. "Ká ní mo ti purọ́ ni," Enoch ní, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ká ní o purọ́, mi ò ní fẹ́ ọ."

"Ṣé wàá fẹ́ mi tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ta ló ń bi ọ́ nìyẹn? Gbọ́ tèmi, olórí kunkun. Pásítọ̀ kọ́ ló ń gbani wọlé, ìjọ ló ń nawọ́ dìbò. Lọ jẹ́rìí níwájú ìjọ. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, a jọ gbé e nìyẹn."

Ìjọ pé lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Enoch dìde, ó jẹ́rìí bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe bá òun nídìí iṣẹ́. Ó mú àwọn kan sunkún. Pásítọ̀ ò sunkún ní tirẹ̀.

"Tí mo bá sọ fún ọ pé o ò ní fẹ́ ọmọ mi láéláé," ó bi í, "ṣé wàá ṣì wọ omi?"

"Màá wọ̀ ọ́, sà." Enoch kọjú sí Pásítọ̀. "Àmọ́ tí mo bá jáde, ibi tó bá jókòó sí ni màá kọ́kọ́ wò."

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ kọjú sí ìjọ. "Ẹ ti gbọ́ ọ. Ìdí méjì ló gbé e wá. Ẹni tó ní ìdí méjì, mi ò lè rì í bọmi."

Keturah di etí àga mú bí ẹni tí yóò ṣubú. Nígbà náà ni Màmá Tabitha, opó tó ń hun léèsì, fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀.

"Pásítọ̀, mo ní ìbéèrè. Kí ni obìnrin ará Samáríà wá ṣe nídìí kànga?"

"Ó wá pọnmi ni, Màmá."

"Sákéù tó gun igi ńkọ́?"

"Ó wá wòran."

"Àwọn tó ń wá Olúwa kiri lẹ́yìn ọjọ́ tó bọ́ wọn?"

Pásítọ̀ ti ń fura. "Búrẹ́dì ni wọ́n ń wá," ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

"Ẹ̀yin náà lẹ wàásù ẹ̀! Mo rà á, mo kà á títí ó fi wọ̀ mí lórí: 'Kò sẹ́ni tó fi ìdí kan ṣoṣo tọ Jésù wá. Ẹni tó wá pọnmi, Olúwa kò lé e padà.' Ṣé Pásítọ̀ tó wà nínú ìwé yẹn ni ká gbọ́ tiẹ̀ ni, àbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró yìí?"

A rẹ́rìn-ín títí fèrèsé fi ń mì. Pásítọ̀ nìkan ni kò rín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì tètè fi í sójú padà.

"Ọmọdé ni Keturah nígbà tí ìyá rẹ̀ kú," ó ní. "Látìgbà náà, òun ló ń tan àtùpà mi, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo ní agbo Ọlọ́run ni mò ń ṣọ́. Ẹ̀yin ará, ọmọ mi ni mò ń ṣọ́. Ẹ̀rù ilé òfìfo ló ń bà mí. Ìdí méjì ni èmi náà ní. Enoch sàn jù mí lọ, torí òun sọ tirẹ̀."

Keturah sáré lọ dì mọ́ ọn. "Bàbá mi, ta ló ní mò ń lọ jìnnà?"

Kò sí ọwọ́ tí kò lọ sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lálẹ́ ọjọ́ náà.

A ri Enoch bọmi ní ìgbà tí òdòdó yọ, ìgbéyàwó sì tẹ̀ lé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A ti ń gbára dì fún ìwàásù gígùn. Pásítọ̀ dìde, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó tún gbìyànjú, omijé ló bọ́ síwájú. Ló bá sọ̀ kalẹ̀ wá, ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé ọwọ́ Enoch, ó sì fi tirẹ̀ bo méjèèjì. Kò gbé e kúrò títí a fi kọ orin tán.